Ìkòkò Abẹ́ Igi Obì

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, ọmọbìnrin kan wá láti yunifásítì sí ìletò wa. Ó gbé fóònù lọ́wọ́, ó ní òun fẹ́ mọ bí ayé àwọn obìnrin ṣe rí nígbà àtijọ́ ní etí yàrà wa. Ọmọ náà mọ̀wà, ó kúnlẹ̀ kí gbogbo èèyàn. Wọ́n gbé àga fún un, wọ́n ní kí ó jókòó síwájú àbúrò bàbá mi, òun ló sì ń dá a lóhùn. Gbogbo bí àbúrò bàbá mi ṣe ń ṣàlàyé ayé àwọn obìnrin, ẹ̀gbẹ́ ilé níbẹ̀ ni ìyá mi wà, ìyá tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ó ń bó gbágùúdá. Ẹnikẹ́ni ò pè é.

Èmi dé bá wọn lẹ́nu rẹ̀ ni. Símẹ́ńtì ni mò ń tà ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọjọ́ Àìkú nìkan ni mo máa ń ráyè lọ wo ìyá mi. Bí mo ṣe ń sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ni mo gbọ́ tí àbúrò bàbá mi ń sọ pé, "Àwa ọkùnrin ibí, a máa ń kẹ́ obìnrin. Obìnrin kì í jìyà lọ́dọ̀ wa." Mo la ẹnu pé kí n dá a lóhùn, ni mo bá wo ojú ìyá mi lọ́ọ̀ọ́kán, ó mi orí. Mo gbé ẹnu mi dákẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò bá ẹnikẹ́ni mulẹ̀ pé màá dákẹ́ títí láé, ìdí nìyí tí mo fi ń kọ eléyìí. Bí ọmọ náà bá rí i kà, kí ó pa ohun tó gbà sórí fóònù rẹ̀ rẹ́.

Ìletò wa wà láàárín Odogbolu sí Ayépé, létí yàrà ńlá ayé àtijọ́. Ẹni tí kò bá dé ibẹ̀ rí lè rò pé kòtò lásán ni à ń pè ní yàrà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ga bí òkè, ó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, igi ti hù bò ó, bí èèyàn bá dúró nísàlẹ̀ tó gbójú sókè, ọ̀run bíńtín ló máa rí. Wọ́n ní obìnrin ọlọ́lá kan ló ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ. Wọ́n ní ibojì rẹ̀ wà ní ìlú kan tí kò jìnnà sí wa, àwọn èèyàn sì máa ń lọ gbàdúrà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin ò gbọdọ̀ dé ìdí ibojì náà. Ibojì obìnrin, obìnrin ò gbọdọ̀ fojú kàn án! Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ ní kékeré, mo bi bàbá mi pé kí ló fà á, ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Kò sí ìbéèrè tí mo bi í nípa obìnrin tí ìdáhùn rẹ̀ ju ìyẹn lọ.

Odò kékeré kan ń ṣàn nísàlẹ̀ yàrà. Ibẹ̀ ni àwọn obìnrin ti ń pọnmi, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fọṣọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rẹ gbágùúdá. Ọkùnrin kankan ò gbẹ́ àtẹ̀gùn sí ẹ̀gbẹ́ òkè náà rí. Gìgísẹ̀ àwọn obìnrin ló lu ilẹ̀ títí tó fi di àtẹ̀gùn. Nígbà òjò, a óò máa fi ọwọ́ kan di garawa orí mú, a óò fi ọwọ́ kejì di gbòǹgbò igi. Ìyá bàbá mi sọ fún mi pé nígbà tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ, obìnrin kan rọbí sí àárín òkè náà pẹ̀lú omi lórí. Ó bímọ síbẹ̀, sórí ewé. Wọ́n sáré lọ sọ fún ìyá ọkọ rẹ̀ nílé, ohun tí ìyá ọkọ kọ́kọ́ bèèrè ni bóyá ìkòkò omi fọ́. Ẹ̀rín ni ìyá bàbá mi ń rín tó fi ń sọ ọ́, ó ń gbá itan. Èmi ò rí ohun tó pa èèyàn lẹ́rìn-ín níbẹ̀, mi ò sì tíì rí i títí di òní.

Òfin kan wà nílẹ̀ wa: igi ló ń jẹ́rìí ilẹ̀. Ẹni tó bá gbin igi obì tàbí kòkó sórí ilẹ̀, tí igi náà bá dàgbà, ó ti fìdí múlẹ̀ níbẹ̀ nìyẹn. Ìdí rèé tí wọn kì í fi í jẹ́ kí ẹni tó yá oko dá gbin igi. Gbágùúdá, àgbàdo, ata, àwọn tí wọ́n ń fà tu láìpẹ́ ọjọ́, kò sí wàhálà. Ìyàwó ilé náà, àlejò ni wọ́n kà á sí. Ìyá mi lè máa gbin gbágùúdá títí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi tẹ̀, ṣùgbọ́n igi kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ ti ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Ó dán an wò lẹ́ẹ̀kan. Ó gbin ọsàn sẹ́yìn ilé ìdáná, ọsàn náà sì ti ga dé orúnkún kí àbúrò bàbá mi tó rí i. Àdá ló fi bẹ́ ẹ. Ìyá mi ju ọkùnrin yìí lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ó ti wà nílé kí ìyá mi tó wọlé, nítorí náà ọkọ ló jẹ́ fún un.

Ó ní, "Ìyàwó, àlejò kì í gbin igi."

Ìyá mi kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, ọkọ mi."

Mo ti rí ìkúnlẹ̀ yẹn ju bó ṣe yẹ lọ láyé mi. Mo kórìíra rẹ̀. Bí ìyá mi bá kúnlẹ̀ báyìí, èmi a máa wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀.

Ọmọ márùn-ún ló bí fún bàbá mi, obìnrin sì ni gbogbo wa. Èmi ni ìkẹta. Bàbá mi ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, gẹdú ló ń kó láti Ìjẹ̀bú-Igbó lọ sí Èkó. Nígbà tí wọ́n bí ẹ̀gbọ́n mi àgbà ní ilé ìgbẹ̀bí, òun fúnra rẹ̀ lọ gba èkejì ọmọ pẹ̀lú ìwọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Ó gbé e sínú ìkòkò tuntun kékeré, ó fi ọmọrí dé e, ó gbé e wálé, ó sì rì í mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ibi tí wọ́n bá rì í sí, ilé ọmọ náà nìyẹn títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ hú u. Wọ́n ní ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ hú èkejì ọmọ ọlọ́mọ, ọmọ tirẹ̀ ló máa sanwó ọ̀ràn náà. Kèfèrí gbà á gbọ́, onígbàgbọ́ gbà á gbọ́, àwọn tó ń kírun márààrún pàápàá gbà á gbọ́, wọn kàn kì í sọ ọ́ jáde ni.

Àfi bó ṣe di orí ọmọ kejì. Wọ́n sọ fún bàbá mi ní gáréèjì pé ìyàwó rẹ̀ ti bímọ, ó ní kí ló bí, wọ́n ní obìnrin. Ó gun ọkọ̀ rẹ̀, ó gba Èkó lọ. Bàbá mi kì í ṣe ìkà èèyàn. Kì í luni, kì í buni. Ó kàn jẹ́ pé ó máa ń rẹ̀ ẹ́ kíákíá tí ọ̀rọ̀ bá ti kan obìnrin. Orí ọmọ kejì, orí èmi, orí àwọn méjì tó tẹ̀ lé mi, kò wá. Kò sì sí ọkùnrin kankan nínú ẹbí tó wá.

Ìyá mi ló ń dá rìn wálé, ọmọ lẹ́yìn, ìkòkò lórí. Àwọn tó rí i nígbà náà ṣì ń sọ ọ́. Wọ́n ní bí ó bá ti yọ lọ́nà báyìí pẹ̀lú ìkòkò tuntun tó ní ọmọrí, gbogbo èèyàn á yà sínú igbó, nítorí gbogbo èèyàn mọ ohun tó wà nínú irú ìkòkò bẹ́ẹ̀. Wọ́n á rora kí i pé ẹ kú ewu ọmọ, wọ́n á wojú ibòmíràn. Kò gbé e lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Oko gbágùúdá rẹ̀ tó wà létí yàrà gan-an ló gbé e lọ, ó gbẹ́ ilẹ̀, ó rì í, ó sì gbin obì gbànja lé e lórí.

Àbúrò bàbá mi rí i. Nígbà tí obì àkọ́kọ́ hù tó ga díẹ̀, ó mú àdá rẹ̀ wá gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. "Ìyàwó, kí lo tún gbìn síbẹ̀?"

Ìyá mi kúnlẹ̀. "Igi ìwọ́ ọmọ yín ni, ọkọ mi."

Ó wo igi, ó wo ilẹ̀. Ó gbé àdá rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Báyìí ni igi mẹ́rin ṣe hù létí yàrà lórí ilẹ̀ tí wọ́n ní obìnrin ò gbọdọ̀ gbin igi sí.

Igi tèmi ni ìkejì láti apá odò. A mọ igi wa bí èèyàn ṣe mọ ìlẹ̀kẹ̀ ìdí rẹ̀. Bí èmi àti àwọn àbúrò mi bá ń jà, ọ̀kan á ní òun máa lọ tu itọ́ sídìí igi èkejì, ìjà gidi á wá bẹ̀rẹ̀. Obì tí wọ́n ká lórí igi tèmi ni ìyá mi tà tó fi rà mí ní aṣọ ilé ìwé nígbà tí mo wọ sẹ́kọ́ńdírì. Nígbà tí mo dàgbà tí ilé ọkọ ń le koko mọ́ mi, mo ti jókòó sídìí igi yẹn lọ́pọ̀ ìgbà, mo fẹ̀yìn tì í, mo sì ń sọ fún ara mi pé, bí ibi gbogbo bá lé mi, ilẹ̀ kan wà tó mọ̀ mí. Ìrònú ọmọdé ni, ṣùgbọ́n òun ni mò ń jẹ, òun ni mò ń mu.

Bàbá mi kú. Ìyá mi ò tíì jáde opó tí àbúrò bàbá mi fi pe ìpàdé ẹbí. Ẹnì kan láti Èkó fẹ́ kọ́ ilé ìgbafẹ́ sí etí yàrà, kí àwọn tó ń wá wo yàrà lè rí ibi sùn, kí wọ́n rí ibi mu ọtí. Oko ìyá mi ló wù ú, nítorí pé èèyàn lè ti ibẹ̀ rí ìsàlẹ̀ yàrà kedere. Wọ́n kó wa jọ sí pálọ̀. Olórí ẹbí wà níbẹ̀, bàbá arúgbó tí ojú rẹ̀ ò ríran mọ́. Ìyá mi wà lórí ẹní lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

Àbúrò bàbá mi ń yí tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, ó ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni tó ń tu ọmọ nínú. Ó ní ilẹ̀ ẹbí ni ilẹ̀ náà, ẹ̀gbọ́n òun ò gbin igi kankan sórí rẹ̀ kó tó lọ, kò sì fi ọmọkùnrin sílẹ̀. Ó ní ìyá wa ti gbìyànjú, Ọlọ́run á san án fún un. Kó padà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, tàbí kí ọ̀kan nínú àwa ọmọ gbé e sọ́dọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò tiẹ̀ wúwo lẹ́nu rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, gbogbo wa ló mọ̀ pé ó ti bá ará Èkó náà sọ̀rọ̀ parí. Ẹ̀sìn tó ń fi tẹ̀sùbáà ṣe káàkiri pàápàá fún ọmọbìnrin ní ìpín tirẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ yẹn kò sí nínú èyí tó há sórí.

Ìyá mi ti ń gbé inú ilé yẹn láti ìgbà tó ti jẹ́ ọmọge. Gbogbo àwọn èèyàn rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ti kú tán. Èmi ni mo sọ̀rọ̀. Mo ní, "Igi wà níbẹ̀. Igi obì mẹ́rin."

"Obìnrin ló gbìn ín."

"Ìwọ́ wa ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ṣé wọ́n máa ń ri ìwọ́ àlejò sí ilẹ̀ onílẹ̀ ni?"

Olórí ẹbí gbé orí sókè, ó ní, "Òótọ́ lọ̀rọ̀ ọmọ yẹn." Ṣùgbọ́n àbúrò bàbá mi ti múra sílẹ̀. Ó ní kò le, wọ́n á pa àgbò, wọ́n á pe àwọn àlùfáà ka àdúrà sí i, wọ́n á gé igi, wọ́n á hú ìkòkò, wọ́n á sì tún un rì sẹ́yìn ilé. Bí mo ṣe bojú wo ìyá mi, mo rí i pé ó ń fa etí ẹní tó jókòó lé tu. Mo rò pé nítorí wa ni, pé ó ń bẹ̀rù ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí àwa ọmọ bí wọ́n bá hú ìwọ́ wa. Mo búra nínú mi pé ẹni tó bá fọwọ́ kan ilẹ̀ yẹn, èmi àti ẹ̀ ni.

Wọ́n mú agégi kan wá láti Ayépé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Àwa ọmọ ti gbọ́, gbogbo wa ti wálé. Kálukú wa lọ dúró sídìí igi rẹ̀, ẹ̀gbọ́n wa àgbà tí kò ní igi níbẹ̀ sì jókòó lórí àpótí láàárín. Àwọn ọkùnrin ẹbí dúró sápá kan, wọ́n ń wo ilẹ̀. Agégi tan ẹ̀rọ rẹ̀, ó sún mọ́ mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò, iṣẹ́ ni wọ́n bẹ̀ mí." Mo ní màá kúrò, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ bi wọ́n pé kí ló wà lábẹ́ igi. Ó bi wọ́n. Ó tún bèèrè. Ẹnì kan sọ ọ́ pẹ̀lẹ́ fún un. Ó pa ẹ̀rọ rẹ̀.

Ó ní, "Alájì, ẹ ò sọ èyí fún mi. Èmi náà bímọ." Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sórí ọ̀kadà, ó lọ.

Àbúrò bàbá mi wá gbaná jẹ. Ó ń pariwo pé aláìgbàgbọ́ ni gbogbo wa, pé ìbọ̀rìṣà ni, pé òun ò bẹ̀rù ìkòkò amọ̀. Ariwo náà ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí ìyá mi jáde láti ẹ̀yìn ilé ìdáná. Ọkọ́ rẹ̀ ló gbé lọ́wọ́, ọkọ́ tó fi ń kọ ebè gbágùúdá. Ó rìn lọ bá a, ó kúnlẹ̀ bí ìṣe rẹ̀, ó sì gbé ọkọ́ náà sílẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ọkọ mi," ó ní, "ẹ̀yin lẹ nilẹ̀, ẹ̀yin lẹ lọmọ. Èmi àlejò ni. Ẹ hú u fúnra yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó bá wù yín."

Ó wo ọkọ́. Gbogbo àwa tó wà níbẹ̀ wo ọkọ́. Ó wo àwọn ọkùnrin tó kó wá, wọ́n ti ń fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀. Ó ní ọmọkùnrin mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn dúró síbẹ̀ gan-an, ẹ̀rù ń ba ọ̀gbẹ́ni náà débi pé ó di bàbá rẹ̀ mú ní apá. "Bàbá, ẹ jẹ́ ká máa lọ." Ó gba apá rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ, ó kọjá lára ìyá mi tó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, ó lọ sílé. Ọ̀rọ̀ ilé ìgbafẹ́ parí síbẹ̀. Ará Èkó náà lọ ra ilẹ̀ lápá ibòmíràn.

Nígbà tí gbogbo èèyàn túká, mo bá ìyá mi nílé ìdáná. Ó jókòó lórí àpótí, ó fi ìborí bo ẹnu, gbogbo ara rẹ̀ ń mì. Mo rò pé ẹkún ni. Nígbà tó ṣí ìborí, ẹ̀rín ni.

"Màmá, kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín?"

"Ọkọ́ yẹn. Bí ó bá gbé ọkọ́ yẹn ńkọ́?"

"Ojú ẹ̀ ì bá rí màbo."

"Ìkòkò òfìfo ni ì bá rí."

Mi ò lóye. Ó ní kí n ti ilẹ̀kùn. Ó wá sọ ọ́ fún mi bí ẹni tó ń sọ iye tí wọ́n ń ta ata lọ́jà. Ó ní àwọn nọ́ọ̀sì kì í gbé èkejì ọmọ fún obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ọkọ ló ń gbà á, bí kò bá sì sí ọkọ, ará ilé ọkọ. Bó ṣe ń bímọ lẹ́yìn ọmọ àkọ́kọ́ ló ń ránṣẹ́ sílé. "Dede wọn ni mo ránṣẹ́ sí," ó ní. "Bàbá yín, àbúrò ẹ̀, gbogbo wọn. Wọ́n á ní kí ni mo bí. Wọ́n á gbọ́. Wọn ò ní wá." Ó máa ń dúró dè wọ́n títí. Àwọn nọ́ọ̀sì á kó o lọ sí kòtò ẹ̀yìn ilé ìgbẹ̀bí, wọ́n á dà á síbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìdọ̀tí ọjọ́ náà. Ìtìjú ni kó gbé ọmọ wálé láìgbé ìkòkò, nítorí náà, lórí ọmọ kejì, ó ra ìkòkò lọ́jà, ó gbé e sórí. Ó ní ojú ọ̀nà ni ọgbọ́n igi náà ti sọ sí òun lọ́kàn, nígbà tó rí bí àwọn ọkùnrin ṣe ń yà fún òun.

"Tèmi náà?" Bí mo ṣe bèèrè nìyẹn. Obìnrin tó ti lé láàádọ́ta ọdún, bí ọmọdé ni mo ṣe bèèrè rẹ̀.

"Tìẹ náà. Tìẹ tiẹ̀ ni mo bu yanrìn sí, nítorí atẹ́gùn ń fẹ́ lọ́jọ́ náà, ìkòkò fẹ́ já bọ́ lórí mi."

Mo bínú. Mo bínú sí i, mo bínú sí igi, mo bínú sí gbogbo ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn ti èèpo rẹ̀ tí mò ń sunkún. Yanrìn ojú ọ̀nà! Ibi tí mo rò pé ó mọ̀ mí kò mọ̀ mí rí. Ara mi wà nínú kòtò ilé ìgbẹ̀bí pẹ̀lú òwú àti abẹ́rẹ́. Mo ní, "Màmá, ẹ gbọ́n o." Mi ò sọ ọ́ dáadáa, ó sì mọ̀.

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Mi ò gbọ́n," ó ní. "Ta ló ní mo gbọ́n? Wọn ò wá ni. Bí ẹnì kan nínú wọn bá wá, á gbé e wálé, á rì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé bíi ti ẹ̀gbọ́n yín, èmi ì bá má nígi. Wọn ì bá ti lé mi lónìí. Wọn ò ka ẹ̀yin sí débi kí wọ́n wá. Ohun tí mò ń jẹ nìyẹn."

Ó fa abọ́ gbágùúdá mọ́ra, ó ń bó o lọ. Mo bá a bó o. Ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lára mi fún ìgbà pípẹ́. Mo máa ń rò ó bí mo bá wà nínú ṣọ́ọ̀bù mi láàárín àpò símẹ́ńtì, tí àwọn ọkùnrin ń wọlé tí wọ́n ń bèèrè pé ọ̀gá dà. Ilẹ̀ tí ìyá mi ń gbé lórí rẹ̀, ìwọ̀sí ló fún un. Bí wọ́n bá fẹ́ràn wa díẹ̀ ni, ìyá mi ì bá ti di aláìnílé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ní ayé àwọn obìnrin yé òun, kó wá ṣàlàyé ìyẹn fún mi. Kí ọmọ yunifásítì náà gbà á sórí fóònù.

Ọkàn mi ò sì balẹ̀. Ìyá mi ń darúgbó. Bí ó bá kú, àwa la máa dúró níwájú igi wọ̀nyẹn pẹ̀lú irọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, èmi kì í sì í ṣe ẹni tó mọ irọ́ pa. Ojú mi máa ń tú mi.

Lọ́dún yìí, ọmọ mi obìnrin bímọ ní ilé ìwòsàn kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọkọ rẹ̀ wà níbi iṣẹ́ ní Port Harcourt, ó fi fóònù kí wa, inú rẹ̀ dùn, ọmọ dáadáa ni. Obìnrin ni ọmọ náà. Nọ́ọ̀sì jáde, ó ní ta ló máa gba èkejì ọmọ, àbí kí àwọn bá wa dà á nù. Àwọn ará ilé ọkọ ọmọ mi ní kí wọ́n dà á nù, pé ayé ti là. Mo na ọwọ́ mi.

Nọ́ọ̀sì ní, "Màmá, ṣé kò sí ọkùnrin ni?"

Mo ní, "Gbé e wá."

Mo ra ìkòkò tuntun tó ní ọmọrí. Mi ò fi ọkọ̀ gbé e wọ ìletò. Ní ojú títì ni mo sọ̀kalẹ̀, mo gbé e lé orí bí ìyá mi ṣe gbé e, mo sì rìn wọlé. Ní ìyànà ilé wa, àbúrò bàbá mi ń bọ̀ láti mọ́sálásí pẹ̀lú ọ̀pá. Ó rí ìkòkò. Ó dúró, ó sì yà sínú koríko pẹ̀lú gbogbo ogbó rẹ̀, ẹ̀gún kọ́ aṣọ rẹ̀.

"Ẹ kú ewu ọmọ o. Ọmọ ta ni?"

Mo tẹ orúnkún díẹ̀, kí ìkòkò má baà já bọ́. "Ọmọ ọmọ yín ni, sà. Obìnrin ni."

Ìyá mi ti ń dúró dè mí létí yàrà. A ò gbin igi tuntun. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ọ̀pá tọ́ka sí ìdí igi tó yàn nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo gbẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀, mo rì í, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, a sì kó ewé gbígbẹ bo ìdí gbogbo wọn kí ọ̀kan má baà yàtọ̀ sí èkejì.

Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ àbúrò bàbá mi máa rí eléyìí, wọ́n á sì kà á fún un. Kí wọ́n kà á dé òpin. Òótọ́ ni, òfìfo ni àwọn ìkòkò tó ti ń bẹ̀rù láti ọjọ́ yìí. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà níbẹ̀ báyìí tí kò ṣófo, mi ò sì ní sọ abẹ́ igi tó wà. Bí ó bá fẹ́ mọ̀, kó wá hú u wò. Ọkọ́ ìyá mi ṣì wà lẹ́yìn ilé ìdáná.